Àjò Kì í Dùn Kí Onílé Má Relé

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa bá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù. Àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni wọ́n ní kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí.)

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ti ẹ̀rọ tọ̀sán tòru, ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ̀yin kọ̀ndọ́kítọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ gbọ́ wa o.  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wíwọ ọkọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ọdún sì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ eré nìyí, kí ó fara balẹ̀ gbọ́ wa dópin. Ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ó kan àwa ìgbìmọ̀ tí a dúró níwájú yín yìí, ó sì kan gbogbo ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ èrò àti ẹni tí ó ń wọ̀ ọ́.

Púpọ̀ nínú yín ni ó mọ arákùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí tí a ó fi dárúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ní ọdún 2016, ẹ̀rọ gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Ẹgbẹ́ wa dìde sí ọ̀rọ̀ náà, owó díẹ̀ jáde, wọ́n sì gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ sí ibi tí a ń kó irinṣẹ́ pamọ́ sí. Láti ìgbà náà, ọ̀pá méjì tí ó ń fi sí abíyá ni ó fi ń rìn.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ọdún kan kì í lọ kí ó má délé. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́ yóò rántí ẹ̀kọ tútù àti ẹran gbígbẹ tí ó máa ń kó bọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ lọ, láàárín ọdún mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó dé Ìlá, òkú ni wọ́n sì lọ sin nígbà méjèèjì. Àwọn ẹbí háyà mọ́tò, wọ́n gbé e sínú rẹ̀, wọ́n gbé e dé ojúde, ojú fèrèsé mọ́tò ni àwọn ènìyàn sì ti ń kí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa báyìí pé: "Wọ́n gbé mi lọ bí ẹrù, wọ́n sì gbé mi bọ̀ bí ẹrù."

Ní ọdún 2024, ó wá bá wa ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ó ní òun fẹ́ gba ìsinmi òun, òun fẹ́ lọ sí Ìlá fún ọdún egúngún, òun nìkan, nínú ọkọ̀ èrò bíi ti gbogbo ènìyàn. Ó ní kí a bá òun bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè fún òun ní ọjọ́ tí òun fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún yín nípa ohun tí àwa, aṣojú òṣìṣẹ́, fi dá a lóhùn. A ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò tẹ̀ lé yín?" Ó ní kò sí ẹnikẹ́ni. A ní owó ọkọ̀ ti gun òkè láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù May 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí lítà epo bẹńtiróòlù tí kò tó ₦200 di nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó ní òun ti ń kó owó náà jọ díẹ̀díẹ̀. A ní wàhálà gárééjì pọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹsẹ̀ méjì, ṣé kò sí wàhálà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá lọ ni?" A ní kí ó mú sùúrù kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ráyè. Ìgbà yẹn ni ó wò wá lójú, tí ó ní:

"Ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ gé. Kò gé mi kúrò nílé."

A kò rí èsì fọ̀. A kọ lẹ́tà náà fún un. Ṣùgbọ́n a kọ ọ́ pẹ̀lú ìfòyà ni, a sì ń sọ láàárín ara wa pé orí kunkun ló ń ṣe é. Àwa ni a jẹ̀bi, ẹ ó sì rí i bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ apá ibẹ̀, ìlú àtijọ́ ni Ìlá Ọ̀ràngún ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ọ̀ràngún wà lára àwọn ọba aládé tí ìtàn wọn dé Ilé-Ifẹ̀, lọ́dọ̀ Odùduwà. Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú kan náà ni gbogbo wọn wà tẹ́lẹ̀ ní Ìlá Yàrà, kí àwọn ọmọ ọba tó pín yà, tí àwọn kan lọ tẹ Ìlá dó, tí àwọn kan sì lọ tẹ Òkè-Ìlá dó. Ìdí nìyẹn tí ọba ìlú méjèèjì fi ń jẹ́ Ọ̀ràngún títí di òní. Ìgbómìnà tí ó pọ̀ jù wà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní Òmù-Àrán, ní Àjàṣẹ́-Ìpo àti ní àwọn ìlú mìíràn. Àwọn ti Ọ̀ṣun ni Ìlá, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti àwọn ìletò tí ó yí wọn ká. Wọ́n bá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde láti ara Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù August 1991. Ààlà ìjọba wà láàárín wọn àti àwọn ẹbí wọn ní Kwara, ṣùgbọ́n ní àsìkò ọdún, ta ni ń bi mọ́tò léèrè pé ìpínlẹ̀ wo ni ó ti wá?

Ọdún ìlú náà kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí nípa Ìlá, òun àti Fúnṣọ́ Afọláyan sì gbé ìwé ńlá kan jáde ní 1996 lórí ọba Yorùbá àti àwọn ọdún tí ó so mọ́ oyè rẹ̀. Bí àlejò bá lè rìn láti òkè òkun wá wo ọdún wa, kí ló dé tí ọmọ onílé yóò fi jókòó sí Èkó nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sí?

Ẹ̀yin ará, ọdún egúngún kì í ṣe ohun tí a ń fi tẹlifíṣọ̀n wò. Ìta gbangba ni. Pààká jáde, bàtá ń dún, àwọn ọmọ ń sá síwá sẹ́yìn, àwọn ìyá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń kírun wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ wá, yóò kí aládùúgbò rẹ̀ kú ọdún. Àwọn tí a kò rí láti ọdún tó kọjá ni a ń rí. Ọmọ tí a bí ni a ń gbé, ẹni tí ó ti kú ni a ń gbọ́ ikú rẹ̀, ìjà ilẹ̀ ni a ń parí. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́dún mẹ́jọ, wọn a ti máa kà á mọ́ àwọn tí ó ti lọ. Ohun tí arákùnrin wa fẹ́ lọ gbà padà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí ìrìn náà ṣe rí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ fún wa.

Ó ti fọkàn ṣètò rẹ̀ dáadáa. Kò wọ mọ́tò láti Èkó. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin, èyí tí wọ́n ṣí ní gbangba láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní oṣù June 2021. Ẹ̀búté Mẹ́ta ni ó ti wọ̀ ọ́, ó sì sọ̀ ní Mọ́níyà. Ó ní ìdí tí òun fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé nínú ọkọ̀ ojú irin, òun lè na ẹsẹ̀ kan tí ó kù, kò sì sí ẹni tí yóò máa pariwo pé kí òun tètè sọ̀. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀: àpò kan ni ó gbé kọ́ ẹ̀yìn, kí ọwọ́ méjèèjì lè wà fún ọ̀pá. Ó pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, ó fi ti ọkọ̀ sí àpò àyà kí ó má bàa máa wá a kiri láàárín èrò. Ó kọ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní Ìlá sórí ìwé, nítorí pé bátìrì fóònù lè kú. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ó ti jáde, kí ilẹ̀ má bàa ṣú bá a lọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín pé, ẹ wo ètò yìí dáadáa. Mélòó nínú wa ni ó ń ṣe tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó rìnrìn-àjò?

Láti Mọ́níyà ó wọ táksí dé gárééjì kan tí a ti ń wọ ọkọ̀ Òṣogbo. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Mọ́tò àkọ́kọ́, àgbèrò ní, "Bàbá, ìjókòó méjì ni ẹ ó san o. Ọ̀pá yín gba ààyè." Ó ní òun kò ní san ju ti ẹnì kan lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀. Mọ́tò kejì, èrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, dírẹ́bà wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, ó ní òun kò ní àkókò tí òun yóò fi dúró de arọ. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Arákùnrin wa ní òun dúró nínú oòrùn, òun sì ń gbọ́ ohùn wa létí pé, "A ti sọ fún yín." Ó ní ohùn tiwa yẹn dun òun ju ti dírẹ́bà lọ, nítorí pé dírẹ́bà kò mọ òun rí.

Mọ́tò kẹta ni ti bàbá kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Bàbá náà sọ̀ kalẹ̀, ó wá bá a, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́? Ṣé kí n di yín mú ni, àbí kí n kàn bá yín mú ọ̀pá dání kí ẹ fúnra yín gòkè?"

Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ̀yin kọ̀ndọ́kítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Bàbá yẹn kò fà á lápá. Kò gbé e bí àpò ìrẹsì. Kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú rẹ̀ lójú gbogbo èrò. Ó béèrè ni. Arákùnrin wa ní kí ó bá òun mú ọ̀pá. Ó fi ọwọ́ di irin ilẹ̀kùn mú, ó gòkè fúnra rẹ̀. Bàbá fi í sí ìjókòó iwájú, ó sì kó ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò kó o sínú búùtù. Owó ẹnì kan ni ó gbà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìṣẹ́jú méjì ni dírẹ́bà kejì sọ pé òun kò ní.

Ní Òṣogbo ó wọ ọkọ̀ mìíràn, wọ́n gba Ìkìrun kọjá, wọ́n sì forí lé Ìlá. Obìnrin oníṣòwò kan tí ó jókòó tì í ń bi í nípa àwọn ará ilé rẹ̀, kí wọ́n sì tó dé, wọ́n ti rí i pé ìyá obìnrin náà àti ìyá tirẹ̀ jọ ń ná ọjà kan náà. Ẹ ṣàkíyèsí i pé nínú mọ́tò tí a háyà fún un nígbà òkú, kò sí ẹni tí ó bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó dé ojúde ilé wọn. Àwọn ọmọdé rí ọ̀pá méjì tí ń bọ̀, wọ́n sáré wọlé lọ sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jáde, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ọ̀nà, kò rí mọ́tò, kò rí ẹlòmíràn. Ó ní, "Ta ló gbé ọ wá?"

Ó ní, "Èmi ni mo gbé ara mi wá, ẹ̀gbọ́n mi." Ìyá náà bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kìíní ọdún, ó dúró sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi àtòrì na ara wọn, wọ́n ń sá kiri, ẹni tí ó wà lórí ọ̀pá kò sì lè yà fún wọn kíákíá. Òun fúnra rẹ̀ ló yan bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó ká a mọ́lé. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí eré àwọn ọ̀dọ́ rọlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí títì, ó tẹ̀ lé ìlù. Ẹnì kan nínú àwọn onílù mọ bàbá rẹ̀, ó sì fi ìlù kì í. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọ̀pá méjì nílẹ̀, èjìká ń jó, orí ń jó, ẹsẹ̀ kan ń tẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn pa agbo yí i ká. Pààká ilé wọn dúró níwájú rẹ̀, ó fi ohùn ará ọ̀run ṣàdúrà fún un, ó jó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn àgbà ní bí egúngún ẹni bá jó re, orí a máa yá atọ́kùn. Arákùnrin wa ní lọ́jọ́ náà, òun ni orí yá jù ní gbogbo Ìlá.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ìsinmi rẹ̀ pé gan-an, bí ó ti lọ náà ni ó ṣe bọ̀. Ó kó ẹ̀kọ tútù bọ̀ fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́rìí.

Báyìí, kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ọ̀nà márùn-ún ni a pín in sí.

Èkíní, ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin kọ̀ndọ́kítọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ mú ilẹ̀kùn ọ̀nà ilé dání. Bí ẹ bá ṣí i, ènìyàn délé. Bí ẹ bá tì í, àjò gbé e. A kò ní kí ẹ gbé ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ gba owó ìjókòó kan lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó sí ìjókòó kan, kí ọkọ̀ dúró pátápátá kí ẹni tí ń ti ọ̀pá tó gòkè tàbí kí ó tó sọ̀, kí ọ̀pá wà nítòsí olówó rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì gbàgbé pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan. Ní oṣù January 2019 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tí ó lòdì sí fífi ìyà jẹ aláàbọ̀ ara. Ó kan ilé ìjọba, ó kan ibi iṣẹ́, ó kan ọkọ̀ èrò. Ó sọ pé níbi tí a bá tò sí, aláàbọ̀ ara ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tí ó bá fi ìyà jẹ aláàbọ̀ ara nítorí ipò rẹ̀ lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó rí méjèèjì. Ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ ₦1,000,000. A kò fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan gbọ́ òfin yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú adájọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ rántí èyí náà: iṣẹ́ yín pẹ̀lú ń gé ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó wà nídìí sítíárìn lónìí lè wà lórí ọ̀pá lọ́la. Ìlẹ̀kùn tí a bá ṣí fún ẹlòmíràn, a lè gba ibẹ̀ kọjá.

Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, títí kan àwa, sọ fún yín pé ìrìn yín ti parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré: ẹ wọ ọkọ̀ dé ọjà, ẹ wọ̀ ọ́ dé àdúgbò mìíràn, kí ẹ tó wọ èyí tí ó jìnnà. Ẹ rìn lọ́sàn-án. Ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti pààrọ̀ ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan níbi tí ẹ ń lọ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ dé. Ní ojúde ọdún, ẹ wá ibi tí ògiri wà lẹ́yìn yín, kí èrò má bàa tì yín ṣubú. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí a tẹ̀ lé òun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó jẹ́ òun ni yóò yàn án.

Ẹ̀kẹta, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Lábẹ́ Òfin Iṣẹ́ ti 1974, òṣìṣẹ́ tí ó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 láìdáwọ́dúró ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6, pẹ̀lú owó rẹ̀ lódindi. Òfin kò gbà kí ọ̀gá fi owó rọ́pò ìsinmi náà. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń tà á nítorí ebi. A kò ní bú yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí ó ta ìsinmi rẹ̀ ta ilé rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ̀rọ bá sì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, òfin ti 2010 lórí owó gbà-má-bínú ní kí a fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ náà sì fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá fi "a ó rí sí i" mú yín sùn títí ọjọ́ yóò fi kọjá.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ ìjọba. Bí wọ́n bá ṣe dáadáa, a ó sọ ọ́. Nígbà tí Ràúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun, láàárín 2010 sí 2018, ìpínlẹ̀ náà ṣètò ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ láti Èkó sí Òṣogbo ní àsìkò ọdún bí Iléyá àti Kérésìmesì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó sì bá a délé. Ní oṣù December 2023, ìjọba àpapọ̀ dín owó àwọn bọ́ọ̀sì tí ń lọ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ kù sí ìdajì, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ ojú irin jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá jẹ́ ọ̀fẹ́, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga ju ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ kan lè gùn, ọ̀fẹ́ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹgbẹ́ wa bá tún lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, a ó sọ ti àtẹ̀gùn mọ́ ọn.

Ẹ̀karùn-ún, àwa ìgbìmọ̀ fúnra wa. A ti sọ pé a jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ó burú jù. Láti ọdún 1981 ni ọjọ́ kìíní oṣù May ti jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún òṣìṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ọdún tiwa ni, ojú títì ni a sì ti ń ṣe é, bí Ìlá ti ń ṣe tirẹ̀. A ń yan, a ń kọrin, a ń gbé àsíá. Níbo ni arákùnrin wa wà ní gbogbo ọdún mẹ́jọ yẹn? Abẹ́ ìbòòrùn ni a fi í sí, pẹ̀lú àwọn ìgò omi, a ní kí ó máa bá wa ṣọ́ ẹrù. A rò pé oore ni a ń ṣe fún un. Kò sí ọdún kan tí a bi í léèrè bí bàbá dírẹ́bà yẹn ti bi í léèrè.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò lé lórí, tí a sì gbé wá síwájú yín fún ìfọwọ́sí, nìyí. Láti ọjọ́ òṣìṣẹ́ tí ń bọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó farapa tí wọ́n sì fẹ́ yan ni yóò wà ní ìlà iwájú, bí wọ́n bá sì ti ń rìn ni gbogbo ẹ̀ka yóò ṣe máa rìn. Bí ìrìn náà bá gba wákàtí kan sí i, kí ó gbà á. Ẹ̀yin awakọ̀ inú ẹgbẹ́ wa ni a sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mú ìlànà ìbéèrè yẹn lò ní gárééjì tiyín, kí ẹ sì fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín.

A bi arákùnrin wa bóyá ó fẹ́ sọ nǹkan kan kún un. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òun ní. Ó ní òun ti ń kó owó ọkọ̀ ti ọdún tí ń bọ̀ jọ, ẹni tí ó bá sì fẹ́ bá òun lọ wo ọdún Ìlá lè wá, ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún gbé àpò ara rẹ̀ o, nítorí pé ọwọ́ òun kì í ṣófo.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ jẹ́ kí a jọ délé. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!